Kúlà Abẹ́ Tábìlì Àlejò

"Èèrà kan ò lè wọ àdúgbò yìí kí n má mọ orúkọ ìyá tó bí i."

Alàgbà Jàfárù ló sọ ọ́, kò sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Inú máìkì ló sọ ọ́ sí, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, lábẹ́ kánópì tí wọ́n ta sẹ́yìn géètì àdúgbò wọn ní Ẹ̀gbẹ́dá, nígbà tí èrò ò tíì dé, tó jẹ́ pé àga òfìfo ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbọ́ ọ. Ó ní máìkì lòun ń dán wò. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ara rẹ̀ ló ń dán wò.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Télọ̀ ni Jàfárù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, aṣọ sójà ló sì fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ rán kó tó di pé ojú rẹ̀ ń wá ihò abẹ́rẹ́ tì. Ó ní kò sí ọ̀gágun tó gbajúmọ̀ láyé ìgbà tòun tí òun ò fi téèpù yí ìbàdí rẹ̀ ká. Ẹni tó bá sì ti mọ ìwọ̀n ìbàdí ọ̀gágun, kí ló tún kù nínú ọ̀rọ̀ ààbò orílẹ̀-èdè tí kò mọ̀? Nígbà tó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ tì, ilé wá sú u. Yóò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ látàárọ̀, yóò máa wo àwọn ọlọ́kadà tó ń kọjá, kò sẹ́ni tó ń wá a àfi ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti wà nílẹ̀ fún rẹ́ǹtì. Àfìgbà tí ẹgbẹ́ àdúgbò fi í ṣe Alága Ààbò, tí wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ géètì kan àti fèrè kan lé e lọ́wọ́. Ayé bá padà dùn. "Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣí géètì." Létí Jàfárù, ọ̀rọ̀ yẹn ju oyin lọ. Ọlọ́kọ̀ ńlá ń bẹ̀ ẹ́, olówó ń dúró dè é. Ńṣe ló máa ń rọra rìn lọ síbẹ̀, kí ẹ̀bẹ̀ náà lè pẹ́ díẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tí à ń wí yìí, fèrè àti kọ́kọ́rọ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ gbà á ni Ọ̀gbẹ́ni Zacchaeus, tí ilé rẹ̀ dojú kọ tirẹ̀. Aṣọ́bodè ni Zacchaeus kó tó fẹ̀yìn tì. Ó dúró ní bọ́dà títí ojú rẹ̀ fi gbà bẹ́ẹ̀ kú. Bí ẹ bá kí i pé ẹ kú àárọ̀ báyìí, àpò yín ló máa kọ́kọ́ wò kó tó wo ojú yín. Ó ní ìtìjú gbáà ni kí télọ̀ máa ṣọ́ àdúgbò tí aṣọ́bodè ń gbé. Jàfárù ní ẹnu ọ̀nà ni aṣọ́bodè ń ṣọ́, kì í ṣe inú ilé, pé ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kì í mọ̀gbà tí ọbẹ̀ ń jóná.

Adéolú, ààrẹ ẹgbẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kórìíra ìjà ṣùgbọ́n tó fẹ́ràn ètò bí ẹ̀mí rẹ̀, ló wá dá a sílẹ̀ pé kò ní sí ìbò. Kí àwọn bàbá méjèèjì wá jiyàn ní gbangba lórí ọ̀rọ̀ ààbò, kí ará àdúgbò nawọ́ fún ẹni tó bá borí. Ó lọ tẹ àkòrí sára bánà gbàgàdà kan: AGBÉSÙNMỌ̀MÍ ILÉ ÀTI AGBÉSÙNMỌ̀MÍ ÒKÈÈRÈ, ÈWO LÓ LÉWU JÙ FÚN ORÍLẸ̀-ÈDÈ? Kò rò ó jìnnà. Iyàn tí àwọn méjèèjì ti ń jà nídìí dráàfù tipẹ́tipẹ́ ni. Jàfárù á ní ti ilé ni, Zacchaeus á ní ti òkèèrè ni, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ tán lẹ́nu rẹ̀ á da ọmọ dráàfù nù.

Jàfárù múra o. Ó bọ́ ṣòkòtò tó fi lọ ṣí géètì ní ìdájí, ó jù ú sínú abọ́ aṣọ ìfọ̀ ìyàwó rẹ̀, Àdíját. Ó wá gbé kákí kan wọ̀ tó rán fúnra rẹ̀, aṣọ tó lápò láyà, tó lápò ní ìbàdí, tó lápò ní orúnkún, tó tún ní ọ̀kan lẹ́yìn tí ọwọ́ ọmọ èèyàn ò lè dé. Ó bẹ Àdíját pé kó jókòó sílé, nítorí obìnrin náà a máa rẹ́rìn-ín níbi tí ẹ̀rín ò sí. Àdíját ní kò burú, òun ṣáà ní aṣọ láti fọ̀.

Báyìí ló ṣe dẹni tó ń bá àga sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Ó ń juwọ́, ó ń yí ojú, ó ń fún ara rẹ̀ láyè kí àtẹ́wọ́ tí ẹnikẹ́ni ò tíì pa lè rọlẹ̀. Obìnrin kan kí i lẹ́yìn, ó ní ẹrù kan rèé o. Láàárọ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó kọjá tí kò ní ẹrù lọ́wọ́: àga, omi inú ọ̀rá, gbohùngbohùn tó tóbi bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Jàfárù ò yíjú. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ gbé e síbẹ̀," ó sì yára padà sínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, torí ó ti dé ibi tó dùn mọ́ ọn jù, ibi tó ti fẹ́ sọ pé ojú Alága Ààbò kì í fo nǹkan kan.

Nígbà tó yá, àga kún. Wọ́n ta kánópì náà dí títì pa. Géètì wà lẹ́yìn èrò, tábìlì àlejò wà níwájú wọn pẹ̀lú aṣọ funfun tó bò ó délẹ̀, ilé gbogbo wọn sì wà lẹ́yìn tábìlì náà. Zacchaeus dé nínú kóòtù tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kóòtù tó gbóná bí ààrò. Àlejò pàtàkì náà ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ọlọ́pàá obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìńsípẹ́kítọ̀ Hope, tó ti jókòó kí ẹnikẹ́ni tó dé, tó ń tẹ fóònù rẹ̀. Yorùbá rẹ̀ já geere, àfi tí ara rẹ̀ bá gbóná ló máa ń bọ́ sí Píjìn.

Jàfárù wò ó pé gbogbo èrò ti wọlé. Ló bá dìde, ó rìn lọ síbi géètì bí ẹni tó fẹ́ gba àmì ẹ̀yẹ, ó fa géètì náà, ó sì tẹ àgádágodo pa. Kra. Ó ní nígbà tí ọ̀rọ̀ ààbò bá ń lọ, kí ààbò fúnra rẹ̀ náà wà níjókòó. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àgádágodo kì í ṣáà béèrè kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tì í.

Zacchaeus ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sì sọ̀rọ̀ dáadáa, ká má purọ́ mọ́ ọn. Ó ní agbésùnmọ̀mí òkèèrè, ìbọn rẹ̀ kò tán, owó rẹ̀ kò tán, nítorí pé àpò tó ń ná kò sí nílẹ̀ yìí. Ẹ mú ẹsẹ̀ rẹ̀ níbí, orí rẹ̀ wà ní ilẹ̀ ibòmíràn tó ń mu tíì. Òfin wa ò lè kọjá bọ́dà lọ gbé e. Ẹ ó máa kọ lẹ́tà ni, wọn ó sì máa fèsì pé àwọn ti rí i gbà. Ó ní ó tún wá léwu jù ní ti ọkàn. Ẹni tí kò jẹ iṣu yín rí, tí kò mọ orúkọ ọmọ yín, kí ni yóò rò kó tó pa yín? Kò sí ẹni tí yóò ráńṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ pé kó wá bá a sọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin tó wà níwájú mi orí. Ọwọ́ kan tilẹ̀ ti fẹ́ nà sókè, Adéolú ní kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kò tíì yá.

Jàfárù fọwọ́ kan fèrè tó fi kọ́rùn, bí ẹni tó ń dágbére fún un. Lẹ́yìn náà ló dìde.

"Ọ̀gá Kọ́sítọ́ọ̀mù," ó ní, "mo kí yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n bi yín. Àlejò tó wá láti òkèèrè, ṣé ajá ilé ò ní gbó o? Ẹni tí ajá bá ń ju ìrù sí ni kí ẹ bẹ̀rù."

Kánópì gbóhùn. Jàfárù fò mọ́ ọn bí adìẹ tó rí àgbàdo. Ó ní ta ló mọ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wa, bí kò ṣe ẹni tó ti bá wa jẹun? Ta ló mọ ọjọ́ ọjà, ọjọ́ Jímọ̀, wákàtí tí wọ́n ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì? Sójà lè dojú ìbọn kọ bọ́dà, ó mọ ibi tí ọ̀tá ti ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀tá bá ń sọ èdè rẹ, tó jókòó tì ọ́ níléèwé, tó mọ oríkì rẹ, ibo lo fẹ́ dojú ìbọn kọ? Ó ní ìgbà tí ará ilé bá di agbésùnmọ̀mí, ohun tó máa ń kọ́kọ́ pa kì í ṣe èèyàn. Ìfọkàntán ló máa ń pa. Ẹ̀gbọ́n á máa fura sí àbúrò, onílé á máa fura sí ayálégbé, ìlú á sì tú kí bọ́ǹbù tó dún rárá. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ṣebí ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Zacchaeus ò jókòó dákẹ́. Ó béèrè pé ta ló ń fún ará ilé yẹn níbọn. Jàfárù ní ta ló ń fi ọ̀nà han oníbọn náà. Ló bá di pé wọ́n ń dá a padà fún ara wọn, ta ló ń fún, ta ló ń fi hàn, títí Ìyá Cecilia, ìyá àgbà tó ń ta oògùn ní igun òpópónà, fi wí láti orí àga rẹ̀ pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀, kí wọ́n jẹ́ ká gbọ́ràn. Zacchaeus yára ní òkodoro ọ̀rọ̀, aláǹgbá ni òun ń sọ látàárọ̀. Jàfárù ní irọ́ ni, ìyá ti wà lẹ́yìn òun, ògiri ni wọ́n dá lẹ́bi. Wọ́n fa òwe ìyá náà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya.

Ṣùgbọ́n Jàfárù rí ojú èrò. Ó rí i pé tòun ni wọ́n ń ṣe. Ohun tó yẹ kí ọlọ́gbọ́n ṣe nírú àkókò bẹ́ẹ̀ ni kó jókòó. Jàfárù gbé máìkì mọ́ ẹnu dáadáa.

"Ní tiwa níbí," ó ní, "ẹ máa sùn kẹ́ ẹ hanrun. Gbogbo ohun tó wà lábẹ́ kánópì yìí pátá, kò sí ọ̀kan tí n kò mọ̀."

Láti abẹ́ tábìlì àlejò ni nǹkan kan ti dá a lóhùn. Gbì.

Jàfárù rò pé Zacchaeus ló fẹsẹ̀ gbá tábìlì láti fi òun ṣẹ̀sín. Zacchaeus rò pé Adéolú ni. Adéolú ń wo orí ìwé ètò bóyá ó wà níbẹ̀. Gbì-gbì. Aṣọ funfun náà mì. Ìńsípẹ́kítọ̀ Hope fi ìka méjì gbé etí aṣọ náà sókè, ó bojú wo abẹ́ rẹ̀, ó sì rọra sọ aṣọ kalẹ̀ bí ẹni bo ọmọ tó ń sùn. Ohun tó rí ni gbogbo àwọn tó wà níwájú náà rí: kúlà kan, tí wọ́n fi ọ̀rá dúdú wé láti òkè délẹ̀, tí wọ́n fi rọ́bà táyà so yíká-yíká, tí wọ́n dá ihò mélòó kan sí lórí.

"Ta ló ni ẹrù yìí?" Hope béèrè.

Olúkúlùkù wo ẹnìkejì rẹ̀. Kúlà náà gbá tábìlì lẹ́ẹ̀kan sí i. Hope dìde, ó ní kí wọ́n fara balẹ̀, kí wọ́n dìde níkọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má sáré. Nínú gbogbo ohun tó sọ yẹn, sáré nìkan ni wọ́n mú.

Ọ̀nà ilé gba ẹ̀gbẹ́ tábìlì kọjá, ẹnikẹ́ni ò gba ibẹ̀. Géètì ni gbogbo wọn yí sí, àwọn àga ń fò, bánà Adéolú já, ó bo ààrẹ fúnra rẹ̀ lórí, ó sì wà nínú agbésùnmọ̀mí ilé àti ti òkèèrè tó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tẹ̀ lé ètò. Àfi bí wọ́n ṣe dé ibi géètì tí wọ́n bá àgádágodo.

"Alága, kọ́kọ́rọ́ dà?"

Lójoojúmọ́ ni ohùn tó ń béèrè kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Jàfárù máa ń dùn mọ́ ọn. Ti ọjọ́ yìí ò dùn. Ó ki ọwọ́ bọ àpò àyà, téèpù ìwọnṣọ ló fà yọ. Ó ki ọwọ́ bọ àpò ìbàdí, ṣọ́ọ̀kì. Àpò orúnkún, súwítì míǹtì kan tó ti lẹ̀ mọ́ ọ̀rá rẹ̀. Wọ́n yí i po, wọ́n bá a tú àpò ẹ̀yìn tí ọwọ́ rẹ̀ ò dé, òfìfo ni. Ìgbà yẹn ló rántí ṣòkòtò òwúrọ̀, tó wà nínú abọ́ ọṣẹ nílé. Ẹni tó ti ayé mọ́ ìta ti ti ara rẹ̀ mọ́ ewu.

Ó fi fèrè sẹ́nu, kí wọ́n ṣáà lè mọ̀ pé alága wà níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti gbẹ, fèrè ò dún. Ó dọ̀bálẹ̀ pẹlẹbẹ nínú kákí rẹ̀.

Zacchaeus ní tirẹ̀ ti ń gun géètì. Ó gùn ún dé òkè tán, irin ṣóńṣó ló bá gbá kóòtù mú lẹ́yìn, ó sì wà níbẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ó ń sọ lókè o. "Mo wí àbí n ò wí? Òkèèrè! Òkèèrè ni wọ́n ti gbé e wá!" Jàfárù, tí imú rẹ̀ wà nínú iyanrìn, ò lè gbà. Ó ní irọ́ ni, pé ará òkèèrè wo ló mọ abẹ́ tábìlì àlejò, ọmọ ilé ló gbé e síbẹ̀, ọmọ ilé pọ́ńbélé. Ikú wà nílẹ̀, iyàn ò tán.

Hope nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ó ti pe àwọn tí irú rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ wọn, wọ́n ní àwọn ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ọn. Ó nawọ́, ó kígbe sí gbogbo wọn: "Make nobody touch am o, I don talk am."

Ibẹ̀ ni Àdíját ti yọ láti ọ̀nà ilé, ọṣẹ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ìró rẹ̀ tutù rinrin, ó gbé kọ́kọ́rọ́ sókè.

"Bàbá Mùíz, inú ṣòkòtò yín ni mo ti rí i o. Mo ní bóyá ẹ ń wá a."

Gbogbo kánópì ké pè é pé kó padà. Ọkọ rẹ̀ gbórí sókè nínú iyanrìn. Lójú ẹsẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, kò rántí fèrè, kò rántí kọ́kọ́rọ́, obìnrin náà nìkan ló ń rí. Ó tiẹ̀ ti fi orúnkún dìde, ó ti ń rá bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Àdíját ti dúró nídìí tábìlì. Aṣọ funfun ti bọ́ nígbà tí wọ́n ń sá. Ó tẹ̀ ba, ó wo ohun tó wà níbẹ̀.

"Háà," ó ní. "Kúlà mi."

Ó fa rọ́bà tú, ó ṣí ọ̀rá, ó gbé kúlà náà sókè bí ẹni gbé ọmọ ìkókó, ó sì fi ìdí rẹ̀ han gbogbo ayé. Wọ́n ti dojú bolẹ̀ tán nígbà náà, ìdajì wọn ni ò rí i. Àwọn tó rí i rí lẹ́tà tí wọ́n fi kútẹ́ẹ̀sì pupa kọ, bí àwọn ìyá ilé ṣe máa ń kọ ọ́ kí abọ́ má bàa sọnù lóde ìsìn àti ti ìnáwó: ÀDÍJÁT. Ọkùnrin tó mọ ìwọ̀n ìbàdí gbogbo ọ̀gágun kò mọ kúlà tí wọ́n ti ń bu ìrẹsì rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Àdíját gbé e ka tábìlì, ó ṣí ìdérí. Ẹja àrọ̀ kan tó sanra, tó ní irùngbọ̀n bíi lémọ́ọ̀mù, yọjú, ó wo gbogbo ìjọ, ó sì fò bọ́ sórí ìwé tí Zacchaeus kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí, tó fi sílẹ̀ lórí tábìlì. Gbì. Gbì-gbì.

Àdíját wá ṣàlàyé wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń sọ iye ata. Ganiyat kan wà tó ń sin ẹja ní Àgbàdo, oníbàárà òun ni. Òun yá a ní kúlà yìí nígbà tí wọ́n ń sọmọ rẹ̀ lórúkọ. Ó jọ pé ó wá dá a padà láàárọ̀, kò bá òun nílé torí òun lọ pọn omi. Ta ni wọ́n kọ́ nílé ire tí yóò dá abọ́ onílé padà lófìfo? Ẹni tó ní ẹ̀wà á fi ẹ̀wà sí i, ẹni tó ń sin ẹja á fi ẹja sí i. Ihò orí rẹ̀, kí ẹja lè mí ni.

Hope pe àwọn tó ti pè, ó ní kí wọ́n má ṣe ìyọnu mọ́, pé ẹja ni. Wọ́n ní ẹja kí ni. Ó pa fóònù.

Ẹ̀rín fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ohùn kan ti òkè géètì wá. "Ẹ dúró ná," ni Zacchaeus wí, tí ó ṣì ń fì. "Kúlà ta ni? Kúlà ilé alága! Nínú ilé ìdáná alága ló ti jáde! Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ ti rí i pé ti ilé ló léwu jù?"

Jàfárù gbọ́ ọ, ọ̀tún rẹ̀ di òsì. Iyàn tó ti fi ọdún mélòó jà lọ̀tá rẹ̀ ń bá a gbèjà yìí. Bó bá gbà, ó borí, a ó sì gba fèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó gbọn iyanrìn nù láyà.

"Ti ilé báwo?" ó ní. "Ibo ni Àgbàdo wà? Ṣé kì í ṣe ẹ̀bá bọ́dà Ògùn ni? Ẹja yìí, mo sọ fún yín, òkèèrè ló ti wá. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ níṣẹ́?"

Báyìí ni ọ̀rọ̀ yí padà. Aṣọ́bodè ń gbèjà ilé láti òkè, télọ̀ ń ké òkèèrè nísàlẹ̀, ẹja dúró láàárín wọn, kò ti ẹnì kankan lẹ́yìn. Zacchaeus ní ọmọ Alimọ́ṣọ̀ọ́ ni Àgbàdo, kí wọ́n lọ wo máàpù. Jàfárù ní ẹja ò ní máàpù, odò ló mọ̀. Adéolú, tó ti já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ bánà, ní ó tó, kí ẹni tó bá wà lẹ́yìn Alága Jàfárù nawọ́ sókè. Ó kà á, gbogbo àdúgbò ni. Inú Jàfárù dùn títí Ìyá Cecilia fi ní ẹ̀yin náà, ṣé ẹ ò rí i pé látìgbà tí ẹja ti gbá tábìlì ni ọwọ́ gbogbo wa ti wà lórí?

Ìdájọ́ tí Adéolú dá kẹ́yìn nìyí: nígbà tó jẹ́ pé oníkálukú ti ba iyàn tirẹ̀ jẹ́, tó sì ti gbé ti ẹlòmíì borí, kí Zacchaeus mú kọ́kọ́rọ́, kó máa ṣọ́ ohun tó ń bọ̀ láti òkèèrè, kí Jàfárù mú fèrè, kó máa ṣọ́ ti inú ilé. Àdíját ní òun ti ṣe tán láti fi kọ́kọ́rọ́ náà sílẹ̀, ọṣẹ ti ń gbẹ mọ́ òun lọ́wọ́. Jàfárù wo kọ́kọ́rọ́ náà bó ṣe ń lọ. Ó dùn ún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí pé géètì yẹn, kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà ni wọ́n ń ṣí i, òjò ni o, ọyẹ́ ni o. Ó bá Zacchaeus yọ tọkàntọkàn. Ó tún bá wọn gbé àkàbà wá láti tú u sílẹ̀ lórí irin, ó wo ibi tó ya lẹ́yìn kóòtù, ó ní òun á bá a rán an lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Fèrè wà lọ́rùn rẹ̀. Ó fọn ọ́n wò, ó dún.

Kó tó di ọ̀sán, ẹja ti wọnú ata. Òórùn rẹ̀ gba àdúgbò kan, wọ́n to àga padà, Àdíját ń bu ọbẹ̀ fún olúkúlùkù, ẹnikẹ́ni ò sì béèrè mọ́ bóyá ọmọ ilé ni wọ́n ń jẹ tàbí ará òkèèrè. Hope jẹ, ó tún gbé abọ́ padà fún ẹ̀kejì. Ìgbà tó fọwọ́ nu ẹnu tán ló ní ọ̀rọ̀ kan ṣì kù o. Ẹja ni lónìí, kò ní jẹ́ ẹja lójoojúmọ́. Ẹni tó gbé ẹrù yẹn wọlé, ta ló rí i?

Jàfárù gbé fèrè sókè, ó fi búra pé bí òun bá rí obìnrin kan tó gbé kúlà kọjá níwájú òun láàárọ̀, kí fèrè òun má dún mọ́ láéláé. Zacchaeus fi kọ́kọ́rọ́ búra, pé ojú òun ni ti bọ́dà, ẹrù ò lè kọjá kí òun má bi í ní ìbéèrè. Adéolú ní òun wo orí ètò, kò sí kúlà níbẹ̀. Hope fúnra rẹ̀ ní látìgbà tí òun ti jókòó, òun ò rí nǹkan kan.

Obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n dìde lórí àga tó wà lẹ́yìn pátápátá. Akowonjo ló ti ń bọ̀, tó lọ kó ẹja fún oníbàárà míràn; ó bá géètì ní ṣíṣí, ó wọlé, wọ́n sì ti bu ọbẹ̀ fún un. Ó gbé abọ́ rẹ̀ wá síwájú, ó kúnlẹ̀, ó ní Ganiyat lòun, òun fẹ́ gba rọ́bà tí òun fi so kúlà.

Wọ́n wò ó. Ó wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Gbogbo yín ni mo kí láàárọ̀," ó ní. "Ẹ sì dá mi lóhùn."